Àmì Ẹ̀yẹ Kì Í San Owó Kóòṣì: Bí Owó Ṣe Ń Rìn Nínú Ijó Orí Yìnyín

Bí oníjó orí yìnyín kan bá gba wúrà ní Òlíḿpíìkì, èló ni àwọn tó ṣètò ìdíje náà máa kà lé e lọ́wọ́? Kò sí. Kì í ṣe pé owó náà kéré o, kò sí owó kankan rárá. Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì Àgbáyé, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí IOC, kì í san owó fún eléré kankan nítorí pé ó ṣe ipò kìíní.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Wọ́n ti gbọ́ pé Yuna Kim ti Kòríà Gúúsù di olówó ńlá. Wọ́n ti gbọ́ pé orílẹ̀-èdè kan ṣèlérí owó fún ẹni tó bá gba wúrà. Wọ́n sì tún ti gbọ́ nípa oníjó tó ń tọrọ owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó lè rí owó kóòṣì san. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé owó tó ti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá ni à ń dà pọ̀ tí a wá ń pè é ní ẹ̀bùn. Owó kan wà tí àjọ tó ń darí eré náà ń san fún ẹni tó borí. Òmíràn wà tí orílẹ̀-èdè ń san fún ọmọ rẹ̀ tó gbé àmì ẹ̀yẹ wálé. Òmíràn jẹ́ ìrànwọ́ fún ìdánrawò. Èyí tó pọ̀ jù, tí kò sì kàn ju èèyàn díẹ̀ lọ, ni owó ìpolówó ọjà àti owó ijó tí wọ́n ń jó fún àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, níbi tí adájọ́ kankan kò ti jókòó.

Ẹ jẹ́ ká parí ti Òlíḿpíìkì ná. Àlàyé IOC ni pé owó tẹlifíṣọ̀n tí òun ń gbà ń padà sọ́dọ̀ àwọn eléré nípasẹ̀ àwọn àjọ eré ìdárayá àti ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2024, World Athletics tó ń darí eré sísá ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀: ó san 50,000 dọ́là fún gbogbo ẹni tó gba wúrà nínú eré tirẹ̀ ní Paris. Ijó orí yìnyín kò sí lára ìyẹn.

Orílẹ̀-èdè ló kù tó lè sanwó, ọwọ́ wọn ò sì dọ́gba. Amẹ́ríkà ń san 37,500 dọ́là fún wúrà, 22,500 fún fàdákà, 15,000 fún idẹ. Ní Kánádà, 20,000 dọ́là ti Kánádà ni wúrà, fàdákà jẹ́ 15,000, idẹ sì jẹ́ 10,000. Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì Jàpáánì ń san mílíọ̀nù 5 yẹ́ẹ̀nì fún wúrà, mílíọ̀nù 2 fún fàdákà, mílíọ̀nù 1 fún idẹ. Látọdún 2016, òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé ìjọba àpapọ̀ kò ní gba owó orí lórí àjẹmọ́nú yìí, àfi bí owó tó ń wọlé fún eléré náà lọ́dún bá ti ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Kí òfin yẹn tó jáde, eléré tí kò ní kọ́bọ̀ nílé náà ń bá wọn san án.

Kòríà Gúúsù ló jọ mí lójú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní owó ìfẹ̀yìntì fún ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ, tí wọ́n ń san lóṣooṣù, tó lè tó mílíọ̀nù kan wọ́ọ̀nù lóṣù. Àmọ́ ohun tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń wá gan-an kì í ṣe owó. Dandan ni iṣẹ́ ológun fún ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ ni, ó sì máa ń bọ́ sí àárín ìgbà tí ara oníjó ṣì yá. Ẹni tó bá gba àmì ẹ̀yẹ èyíkéyìí ní Òlíḿpíìkì, tàbí wúrà ní ìdíje ilẹ̀ Éṣíà, wọ́n á yọ̀ǹda rẹ̀: dípò ọdún kan àbọ̀ yẹn, á ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àti iṣẹ́ ìrànwọ́ ìlú fún wákàtí mélòó kan, á sì máa bá eré rẹ̀ lọ. Nígbà tí Cha Jun-hwan, oníjó wọn, gba wúrà ní ìdíje Éṣíà ìgbà òtútù ní Harbin, ní oṣù kejì ọdún 2025, ohun tó gbà lọ́wọ́ ọjọ́ náà ju irin tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn lọ. Ọdún kan àbọ̀ lórí yìnyín ni wọ́n dá padà fún un. Mi ò mọ iye dọ́là tí èèyàn lè fi díwọ̀n ìyẹn.

Àjọ tó ń sanwó ẹ̀bùn gan-an

Àjọ tó ń darí ijó orí yìnyín, tí wọ́n ń pè ní figure skating, ni ISU. Ọdún 1892 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní Lausanne ní Switzerland. Òun náà ló ń darí eré sísá lórí yìnyín, nítorí náà ilé kan ṣoṣo ni eré méjèèjì ti ń jẹun. ISU máa ń sanwó fún ẹni tó borí, ó sì máa ń kéde iye rẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí owó náà ti kọ́kọ́ ń jáde láàárín ọdún ni Grand Prix. Ìdíje mẹ́fà ni, láti oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, ní Amẹ́ríkà, Kánádà, Faransé, Jàpáánì, Ṣáínà àti Finland. Láti ọ̀pọ̀ sáà wá, 18,000 dọ́là Amẹ́ríkà ni ipò kìíní ń gbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìkejì ń gba 13,000, ìkẹta 9,000, ìkẹrin 3,000, ìkarùn-ún 2,000. Ọkùnrin àti obìnrin ń gba iye kan náà, èyí sì dára púpọ̀, torí pé eré ìdárayá tí kò rí bẹ́ẹ̀ pọ̀ láyé.

Ẹ wo àárín ìkẹta àti ìkẹrin. Owó já láti 9,000 sí 3,000, bẹ́ẹ̀ nígbà míì ìdá máàkì kan ni wọ́n fi ju ara wọn lọ, bóyá ẹsẹ̀ kan tó balẹ̀ tí kò tọ́, bóyá ìyípo kan tí adájọ́ sọ pé kò pé. Ẹ tún wo ìkẹfà: kò gba nǹkan kan. Ọkùnrin 12 ló máa ń wà nínú ìdíje ẹnì kọ̀ọ̀kan, obìnrin 12 sì ni pẹ̀lú. Méje nínú méjìlá ń lọ sílé láìgba ẹ̀bùn. Àwọn tó gbàlejò ìdíje náà máa ń san owó ọkọ̀ òfuurufú, ilé ìtura àti oúnjẹ oníjó, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n lè wá rárá.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ka iye owó wọ̀nyí kì í sábà rántí: oníjó kò lè kàn máa lọ láti ìdíje kan sí òmíràn láti máa kó owó jọ. Wọ́n ń pè é síbẹ̀ ni, kò sì lè ju méjì lọ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bó bá borí nínú méjèèjì, 36,000 dọ́là ló gbà. Lẹ́yìn náà, àwọn mẹ́fà tó ṣe dáadáa jù á pàdé ní àṣekágbá ní oṣù kejìlá, níbi tí owó ti jẹ́ 25,000, 18,000, 12,000, 6,000, 4,000 àti 3,000. Nígbà tó bá di oṣù kẹta, ìdíje àgbáyé á dé. Níbẹ̀, ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú àwọn tó ń dá jó ti ń gba 64,000 dọ́là láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn tó sì ń jó ní méjì-méjì ń gba 90,000.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Ká sọ pé oníjó kan borí gbogbo ìdíje tí mo kà sílẹ̀ yìí láàárín ọdún kan: Grand Prix méjèèjì, àṣekágbá, ìdíje àgbáyé. Kò sí ibì kankan tó ti ṣubú tó dùn ún. 125,000 dọ́là ni gbogbo rẹ̀. Ní ìdíje tẹ́níìsì US Open ọdún 2024, ẹni tí wọ́n nà ní ìpele kìíní, tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé lọ́jọ́ kìíní, gba 100,000 dọ́là. Ẹni tó borí gba mílíọ̀nù 3.6. Ẹni tó di ọ̀gá gbogbo ayé nínú ijó orí yìnyín, 64,000 tó gbà ní ìdíje àgbáyé kò tó ti ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ nà nínú tẹ́níìsì.

Fún àwọn tó ń jó ní méjì-méjì, ó tún le sí i. Ìsọ̀rí méjì ni wọ́n ní, ìkan nínú èyí tí ọkùnrin ti ń gbé obìnrin sókè lókè orí tó sì ń jù ú, àti ìkan tí kò sí jíjù nínú rẹ̀, tó jẹ́ ijó pọ́ńbélé. Ní Grand Prix, iye tí wọ́n ń san fún àwọn méjèèjì pa pọ̀ ni iye tí wọ́n ń san fún ẹnì kan. Kí àwọn méjì gba ipò kìíní, 9,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n ṣe ìkarùn-ún, 1,000. Ní ìdíje àgbáyé, 90,000 pín sí méjì jẹ́ 45,000, kò tó 64,000 tí ẹni tó dá jó gbà. Bàtà wọn kò dín ní méjì-méjì, aṣọ wọn kò dín, ewu obìnrin tí wọ́n jù sókè lórí yìnyín tó le bí òkúta kò sì dín. Mo gbà pé àìdọ́gba yìí kò tọ́. Ó yẹ kí ISU tún un ṣe.

Ohun tó ń jẹ nínú owó náà kó tó délé

Iye tí wọ́n kéde kì í ṣe iye tó ń wọ àpò. Orílẹ̀-èdè tó gbàlejò máa ń yọ owó orí tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lórí owó eléré àjèjì, àfi bí àdéhùn bá wà láàárín ìjọba méjèèjì. 18,000 á di 12,600 kí ọwọ́ tó tó o. Àwọn àjọ orílẹ̀-èdè kan náà máa ń mú tiwọn nínú ohun tó kù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìnáwó. Wákàtí-wákàtí ni wọ́n ń sanwó kóòṣì, wákàtí-wákàtí náà ni wọ́n ń sanwó yìnyín tí wọ́n ń jó lórí rẹ̀. Ẹni tó ń to ijó ní owó tirẹ̀, oníjó sì nílò ijó tuntun méjì lọ́pọ̀ ọdún, kúkúrú kan, gígùn kan. Ẹni tó ń gé orin, ẹni tó ń rán aṣọ, ẹni tó ń tọ́jú orúnkún àti ìbàdí, gbogbo wọn ń dúró de owó. Bàtà ọ̀tọ̀, abẹ irin tí wọ́n ń dè mọ́ ìdí rẹ̀ ọ̀tọ̀. Méjèèjì pa pọ̀ lè ju 1,000 dọ́là lọ fún àwọn tó ń fò ga, bàtà náà kì í sì í pẹ́ kó tó rọ̀. Gbogbo èyí ti ń bá òbí fínra láti ìgbà tí ọmọ wà ní ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń sanwó ẹ̀bùn.

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Lórí yìnyín, gbogbo aṣọ ló ń dán. Nathan Chen, tó gba wúrà àwọn ọkùnrin ní Beijing lọ́dún 2022, ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún tí àwọn òbí rẹ̀ tó ṣí wá láti Ṣáínà bí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ máa ń wà á lọ sí California láti Utah kó lè kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ kóòṣì tó fẹ́, wọ́n sì ti sùn sínú ọkọ̀ rí. Michael Weiss, tóun náà jẹ́ oníjó tẹ́lẹ̀, dá ẹgbẹ́ aṣeranwọ́ kan sílẹ̀ tó ń fún ọ̀dọ́ oníjó Amẹ́ríkà lówó, Chen sì wà lára àwọn tó jẹ níbẹ̀. Irú owó ìrànwọ́ kékeré yẹn, àti èyí tí àjọ orílẹ̀-èdè ń pín gẹ́gẹ́ bí ipò tí oníjó gbà lọ́dún tó kọjá, ló ń gbé ọ̀pọ̀ wọn dúró. Ìdí nìyẹn tí ipò kẹfà fi ṣì níye lórí bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀bùn lórí rẹ̀: òun ló ń sọ bóyá wọ́n á ràn ẹ́ lọ́wọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, òun ló sì ń sọ bóyá wọ́n á tún pè ọ́ sí Grand Prix.

Báwo ló ṣe di báyìí?

Ẹ̀ṣẹ̀ ni gbígba owó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1947, Barbara Ann Scott, ọmọbìnrin Kánádà, di ọ̀gá àgbáyé. Inú ìlú rẹ̀, Ottawa, dùn débi pé wọ́n fún un ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Buick kan. Avery Brundage, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú IOC, ní bó bá gba ọkọ̀ náà, ó ti fi eré gba owó nìyẹn, kò sì ní lè lọ sí Òlíḿpíìkì. Ó dá ọkọ̀ náà padà. Ó lọ sí St. Moritz ní 1948, ó gba wúrà, ó padà wálé, wọ́n sì tún fún un ní ọkọ̀ rẹ̀, torí pé kò ní díje mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún: gba wúrà láìgba owó, kó o wá jáde lọ gba owó. Sonja Henie ti Norway gba wúrà Òlíḿpíìkì mẹ́ta, ní 1928, 1932 àti 1936, lẹ́yìn náà ló kọrí sí Hollywood, ibẹ̀ ló ti di ọlọ́rọ̀. Ẹni tó bá ti gba owó, ilẹ̀kùn ìdíje ti tì mọ́ ọn.

Ohun tó yí i padà ni tẹlifíṣọ̀n. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, ẹnì kan fi ọ̀pá lu ẹsẹ̀ Nancy Kerrigan, oníjó Amẹ́ríkà, ní Detroit, ọ̀rọ̀ náà sì di ìròyìn ojoojúmọ́ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí Òlíḿpíìkì dé ní oṣù tó tẹ̀lé e, ilé tó wo ijó orí yìnyín pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fi bẹ̀rẹ̀ sí í du eré náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìdíje fún àwọn tó ń fi ijó ṣiṣẹ́ òòjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hù bí olú. ISU rí i pé bí òun kò bá sanwó, gbogbo ìràwọ̀ òun á lọ. Ní 1995, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìdíje tó di Grand Prix lónìí, pẹ̀lú owó ẹ̀bùn nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa: kì í ṣe ìmoore ni owó ẹ̀bùn fi bẹ̀rẹ̀, okùn tí wọ́n fi so oníjó mọ́lé ni.

Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC ń san nǹkan bíi mílíọ̀nù 22 dọ́là lọ́dún fún ISU títí di 2004. Láàárín ìgbà yẹn ni wọ́n fẹ̀sùn màgòmágó kan adájọ́ kan ní Òlíḿpíìkì Salt Lake ní 2002, tí wọ́n fi ní láti fún àwọn oníjó Kánádà ní wúrà pẹ̀lú àwọn ti Rọ́ṣíà nínú ìdíje kan náà. Àwọn tó ń wò ó ní Amẹ́ríkà dín kù lẹ́yìn náà, àdéhùn tuntun kò sì sún mọ́ ti àtẹ̀yìnwá rárá. Owó ẹ̀bùn kò lè ga ju ibi tó ti ń jáde lọ.

Ibi tí oúnjẹ wà

Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, ibi tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ ló ti ń jẹun. Nínú ijó orí yìnyín, ibi iṣẹ́ yàtọ̀ sí ibi oúnjẹ. Ìdíje ni wọ́n ti ń mọ orúkọ ẹni; ìpolówó ọjà àti ijó aláfihàn ni wọ́n ti ń fi orúkọ náà gba owó. Ìwé ìròyìn Forbes fojú bù ú pé mílíọ̀nù 16.3 dọ́là ló wọlé fún Yuna Kim ní ọdún kan, nínú àtẹ wọn ti 2014. Ọdún yẹn gan-an ló gba fàdákà, kì í ṣe wúrà, ní Sochi. Ẹ gbé iye yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ 64,000, ẹ óò rí i pé ẹ̀bùn ìdíje kọ́ ló sọ ọ́ di olówó.

Yuzuru Hanyu ti Jàpáánì, ẹni tó gba wúrà ní 2014 àti 2018, kéde ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2022 pé òun kò ní bá wọn díje mọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2023, òun nìkan ló jó ní Tokyo Dome níwájú èèyàn bí 35,000. Kò sí máàkì, kò sí ẹni tó ń ka ìyípo rẹ̀. Èyí ló ń jẹ́ kí àwọn tó dára jù fi ìdíje sílẹ̀ nígbà tí agbára wọn ṣì kún, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Ohun kan náà ló ṣàlàyé World Team Trophy, ìdíje ẹgbẹ́ tó máa ń wáyé ní Jàpáánì ní ọdún méjì-méjì, lẹ́yìn ìdíje àgbáyé, nígbà tó ti rẹ gbogbo èèyàn. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni àpapọ̀ ẹ̀bùn rẹ̀, 200,000 sì ni ti ẹgbẹ́ tó borí. Jàpáánì ni òǹwòran àti onígbọ̀wọ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ni owó tẹ̀dó sí.

Orúkọ tó ń mówó wá yìí, ó ní ìgbà. Ní Beijing 2022, wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní àmì ẹ̀yẹ ìdíje ẹgbẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ oògùn tí òfin kọ̀, èyí tí wọ́n rí nínú àyẹ̀wò Kamila Valieva ti Rọ́ṣíà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ eré ìdárayá dájọ́: ọdún mẹ́rin láìdíje, tí wọ́n kà láti ọjọ́ 25 oṣù kejìlá 2021, kó sì pàdánù gbogbo àmì ẹ̀yẹ àti owó tó gbà látìgbà náà. Oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni àwọn ará Amẹ́ríkà tó fi wúrà kọ́rùn, ní Paris. Lọ́dún méjì àbọ̀ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ lọ bá onígbọ̀wọ́ sọ̀rọ̀ kò ní àmì ẹ̀yẹ ìdíje náà láti fi hàn, àwọn kan nínú wọn sì ti fi ìdíje sílẹ̀ kó tó dé.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, olówó kan tó ń jẹ́ Ross Stevens fi mílíọ̀nù 100 dọ́là sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ṣojú Amẹ́ríkà ní Òlíḿpíìkì àti Paralympics, bẹ̀rẹ̀ láti 2026. 200,000 dọ́là ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan fún Òlíḿpíìkì kan, bóyá ó gba àmì ẹ̀yẹ tàbí kò gbà. Fún oníjó tó ṣe ipò kẹtàdínlógún, kò sí ẹ̀bùn tó tíì sún mọ́ ọn tó báyìí rí. Àmọ́ ìdajì rẹ̀ di ìgbà tó bá kú, kí ẹbí rẹ̀ tó gbà á. Ìdajì kejì di ogún ọdún lẹ́yìn tó kọ́kọ́ lọ, tàbí ìgbà tó bá pé ọmọ ọdún 45, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Ọmọbìnrin tó bá lọ ní ọmọ ọdún 17 á dúró fún ọdún 28. Bàtà tó fẹ́ rà lóṣù tó ń bọ̀ ṣì wà lọ́rùn ìyá rẹ̀.